Sàréè Mẹ́ta ní Ìdí-Ìyeyè

Ọdún tí bàbá tó bí Mọ́mì wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Mòwé, ilé wa kò tíì ní sílíìnì. Tí òjò bá ń rọ̀, ariwo páànù kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa, ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ la máa ń wò ká tó mọ ohun tó ń sọ. Dádì á ti jáde kílẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n lè tètè rí mọ́tò wọ̀ lọ sí Èkó, a ò sì ní fojú kàn wọ́n mọ́ títí a ó fi sùn. Mọ́mì ń ránṣọ ní pálọ̀. Ìró ẹsẹ̀ wọn lórí màṣíìnì, ìró tírélà tó ń kọjá lórí ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì, àti ohùn àwọn tó ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìnkùlé wa, àwọn ni aago ilé wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Dúpẹ́ àbúrò mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Iṣẹ́ tiwa ni ká fa omi kànga láàárọ̀, ká gbálẹ̀, ká ṣa òkúta inú ẹ̀wà, ká sì gbé omi gbígbóná sí bálùwẹ̀ fún Bàbá. Bàbá ti ṣiṣẹ́ rélùwéè dé Jẹ́bà, dé Sáríà, dé Jọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sí Ìfọ̀. Ìfọ̀ ni ìyàwó wọn kú sí. Nígbà tí a ṣe òkú náà tán tí Mọ́mì rí i pé Bàbá kì í dáná mọ́, tí wọ́n kàn ń mu gààrì láàárọ̀ lálẹ́, wọ́n lọ kó wọn wá sọ́dọ̀ wa. Bàbá kì í jẹ ẹran. Wọ́n ní eyín àwọn ti fẹ̀yìn tì ṣáájú àwọn. Àfi ẹ̀wà tó rọ̀ dáadáa àti ẹ̀kọ, wọ́n á sì jẹun tán láìsọ̀rọ̀ kankan, wọ́n á gbé ojú sókè wo ìta bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń mú wọn sọ̀rọ̀, ìyẹn ni Sátidé. Tó bá ti di òwúrọ̀ Sátidé, Bàbá á wọ bàtà aláwọ wọn, wọ́n á fi ìwé àjákọ kan àti pẹ́ńsù sápò, wọ́n á ní, “Ẹ múra, a ń lọ ṣeré.” Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń rò pé ibi ìgbafẹ́ kan ni Bàbá ń mú wa lọ. Ibi àwọn òkú ni a ń lọ. Ibi tí ilé ti wó, ibi tí àwọn èèyàn ti kó kúrò, ibi tí wọ́n sin àwọn tí kò sẹ́ni tó rántí wọn mọ́. Mọ́mì kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á ní, “Bàbá, kí lẹ ń wá lọ síbẹ̀ gan-an? Àwọn ọmọ kéékèèké nìyí.” Bàbá á ní kò sóhun tí òkú lè fi ọmọ kékeré ṣe, alààyè ni kí wọ́n ṣọ́ra fún. Èmi ní tèmi rò pé àgbàlagbà tó fẹ́ràn nǹkan àtijọ́ ni wọ́n, bí àwọn kan ṣe ń fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Mi ò bi wọ́n léèrè. Àgbà ń mú mi jáde, ó ń ra búrẹ́dì àti ẹ̀pà fún mi, kí ni mo tún fẹ́ máa bèèrè?

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ní ìhà Ìfọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú wa lọ. Àwọn ibojì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti sìmẹ́ńtì, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti rì sílẹ̀ ní apá kan, ewéko tútù sì ti bo orúkọ tó wà lára wọn. Ojú Bàbá kò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mo máa ń fi ìgbálẹ̀ kékeré nu ara ibojì, màá ka orúkọ sókè, wọ́n á mi orí. “Kì í ṣe èyí. Ká lọ sí òmíràn.” Mo ka orúkọ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ibojì kan wà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti lu, ihò náà tó orí ọmọdé, atẹ́gùn tútù sì ń ti inú rẹ̀ jáde bẹ́ẹ̀ oòrùn ń mú lóde. Kí n tó mọ̀, Dúpẹ́ ti kúnlẹ̀, ó ti gbé etí sí i. Ó ní òun gbọ́ ẹni tó ń lọ ata nínú rẹ̀. Mo fà á sẹ́yìn. Bàbá ní kòkòrò ni. Ṣùgbọ́n mo rí i pé Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé etí sí ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, a lọ sí kànga mímọ́ kan tó wà ní abẹ́ igbó lẹ́yìn Ìbàfọ̀, níbi tí àwọn aláṣọ funfun ti ń pọn omi ìwòsàn. A bọ́ bàtà sílẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Obìnrin bí mẹ́wàá ló kúnlẹ̀ yí kànga náà ká, ètè wọn ń mì, ohùn kankan kò jáde. Omi náà kò jìn, o lè fi ọwọ́ bù ú, ó sì mọ́ débi pé mo rí òkúta ìsàlẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú láti wo ojú mi. Títí di òní, mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tí mo rí, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé mo ti gbé orí kúrò kí ojú mi tó wà nínú omi tó gbé tirẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá arúgbó kan tó ń tọ́jú kànga náà sìn wá jáde, nígbà tí a dé ibi tí a ti lè sọ̀rọ̀ ni Bàbá bi wọ́n bóyá wọ́n mọ abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ìyeyè.

Bàbá arúgbó náà wo Bàbá láti òkè dé ilẹ̀. “Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ó ti di ahoro tipẹ́.”

“Mo kàn fẹ́ rí i ni.”

Wọ́n ṣàpèjúwe ọ̀nà. Ẹ gba ọ̀nà Ọ̀fàdà, ẹ yà nígbà tí ẹ bá rí ọlọ ata tó wà lábẹ́ ọdán, kí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí a ti ń lọ, wọ́n tún pè wá padà. “Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má pariwo o.” Bàbá ní kí ló dé. Wọ́n ní, “Ẹ ṣáà má pariwo.” Bàbá kọ àpèjúwe náà sínú ìwé àjákọ wọn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Mọ́mì ti tú irun Dúpẹ́ sílẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n ní kí a tètè dé kí àwọn lè dì í fún ọjọ́ ìsinmi. Àwa mẹ́ta la há sórí ọ̀kadà kan, Dúpẹ́ níwájú, irun rẹ̀ dúró gagaaga nínú atẹ́gùn. Ọlọ́kadà já wa sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà pin sí, a sì rìn wọ inú igbó. Bí a ṣe ń rìn ni ariwo ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì ń dínkù, títí tó fi kú pátápátá. Láti ìgbà tí a ti kó wá sí Mòwé, mi ò tíì wà níbi tí mi ò ti gbọ́ ìró mọ́tò rí. Etí mi ń hó. Lẹ́yìn náà la rí ògiri amọ̀, kò ga ju àyà mi lọ, òmíràn tún wà lẹ́yìn rẹ̀, igi sì ti hù láàárín yàrá kan tí àwọn èèyàn ti sùn rí. Igi ìyeyè ńlá kan wà ní ìkángun. Sàréè mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀, méjì gùn, ọ̀kan kúrú, wọ́n fi ìdí ìgò yí wọn ká. Ìyeyè tó pọ́n wà káàkiri inú koríko, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò sí lórí àwọn sàréè náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Àmì ọwọ̀ ṣì wà lára iyẹ̀pẹ̀, àmì tí mo mọ̀ dáadáa nítorí irú rẹ̀ ni mo ń ṣe sílẹ̀ ní iwájú ilé wa láràárọ̀. Mo wo ẹnu kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó tutù. Òjò kò sì rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

Bàbá ṣí fìlà. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò wọn funfun. “Ìyá mi wà nínú ọ̀kan nínú àwọn tó gùn yìí,” ni wọ́n wí, ohùn wọn lọ sílẹ̀. “Bàbá mi wà nínú ìkejì.” Mo bi wọ́n pé ta ló wà nínú èyí tó kúrú. Wọ́n ní, “Àjíkẹ́ ni. Àbúrò mi ni. Ìgbóná ló pa òun àti ìyá mi, lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti mú mi lọ sí Ìfọ̀. Ó kéré sí Dúpẹ́ nígbà tí mo rí i gbẹ̀yìn.” Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé gbogbo Sátidé wa, ibí yìí la ti ń wá bọ̀. Mo fẹ́ bi wọ́n pé ta ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Mo yíjú láti fa ọwọ́ Dúpẹ́ mọ́ra. Dúpẹ́ kò sí níbẹ̀.

A pè é. Bàbá gbàgbé ohun tí olùtọ́jú kànga sọ, wọ́n pariwo orúkọ rẹ̀ títí ẹyẹ fi fò lórí igi. Kò dáhùn. A wo inú kànga, mo rántí bí Bàbá ṣe di ara wọn mú kí wọ́n tó lè wò ó, omi nìkan ló wà níbẹ̀. A wọ yàrá kan jáde sí òmíràn. Ní ẹ̀yìn ògiri tó jìn jù la ti bá a, ó jókòó sórí ìloro, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, kò mira. Ìdajì orí rẹ̀ ti di dídì, ó di mọ́ orí pinpin, ojú ìlà rẹ̀ tọ́ bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà. Ìdajì kejì ṣì tú sílẹ̀. Kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀.

“Ta ló dì í fún ọ?” ni mo bi í.

“Màmá kan ni. Wọ́n ní kí n jókòó jẹ́ẹ́.” Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó yà á lẹ́nu pé kò sí ẹnì kankan. “Ojú wọn ní ihò, ihò, ihò.”

Bàbá gbé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í gbé nǹkan tó wúwo, a sì rìn jáde kúrò níbẹ̀ kíákíá. A ò dúró títí a fi délé. Nígbà tí Mọ́mì rí orí Dúpẹ́, tí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, igbe tí wọ́n ké mú kí àwọn tó ń gbàdúrà ní ẹ̀yìnkùlé sáré wọlé wa. Wọ́n da òróró lé e lórí. Wọ́n ní kí a fá irun náà kí a sì sun ún. Mọ́mì ti mú sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé aṣọ nígbà tí Bàbá di ọwọ́ wọn mú. “Fúnmi, má fá a. Mo mọ irun yìí. Bí ìyá mi ṣe máa ń dì í fún Àjíkẹ́ nìyí, ó máa ń pín in láti ẹ̀gbẹ́ etí.” Wọ́n fọwọ́ kan irun náà. “Ìgbóná ló máa ń sọ ojú èèyàn di ihò bẹ́ẹ̀.” Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Dádì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀. Bàbá ní àwọn á padà. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ìyá àwọn tàbí àbúrò àwọn ló ń rìn kiri níbẹ̀, ó yẹ kí àwọn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, torí àwọn lọ jẹ búrẹ́dì ní Ìfọ̀, òun dúró kú. Mọ́mì sunkún, wọ́n bínú, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọlidé ni, wọ́n ti màṣíìnì pa, wọ́n fi Dúpẹ́ sọ́dọ̀ aládùúgbò wa, wọ́n mú ìgò òróró àdúrà dání. “Bàbá, ẹ kò ní dá lọ.” Èmi ni mo mọ ọ̀nà dáadáa, nítorí náà wọ́n mú mi.

Ìró ọwọ̀ la kọ́kọ́ gbọ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀, kí a tó rí ohunkóhun. Bàbá dúró. Mo rí ẹ̀yìn obìnrin arúgbó kan lábẹ́ igi ìyeyè, ó wọ aṣọ tó ti ṣá, ó ń gbálẹ̀ láàárín àwọn sàréè. Mọ́mì ṣí ìgò wọn, ìdérí rẹ̀ ró lórí òkúta. Obìnrin náà yíjú padà. Ihò kún ojú wọn bí Dúpẹ́ ṣe wí. Kì í ṣe Bàbá ni wọ́n wò, Mọ́mì ni. Ọwọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì kúnlẹ̀ sí ibi tí wọ́n wà.

“Ìyá, ẹ ti dé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbálẹ̀ yìí tán.”

Òróró dà sí Mọ́mì lẹ́sẹ̀. Àwọn náà kúnlẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni tàbí nítorí pé àgbà kúnlẹ̀ níwájú wọn. “Èmi kọ́, mà. Fúnmiláyọ̀ ni mí. Mòwé ni mo ti wá.”

“Ojú ìyá mi lẹ gbé wá.”

Bàbá rìn síwájú. Wọn ò wo obìnrin náà, sàréè kékeré ni wọ́n ń wò. “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà nínú èyí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni. Àkànní. Ọkọ̀ ojú irin ló pa á ní Ìfọ̀.” Bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ èdè wọn ni ìyá náà ń sọ ọ́. “Wẹ́n ò gbé òkú rẹ̀ wá fún wa. Bùbá rẹ̀ tó kù nílé la sin.”

Mo wo Bàbá. Jósẹ́fù ni gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí, mi ò gbọ́ orúkọ mìíràn rí. Ojú wọn ti rẹ̀wẹ̀sì bí ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Wọ́n ní, “Bùbá aláró ni. Apá rẹ̀ kan ti jó.”

“Ta ló sọ fún yín?”

“Èmi ni mo jó o. Mo fi gbé iṣu nínú iná.”

Ìyá náà dìde. Wọ́n wo ẹsẹ̀ Bàbá, wọ́n wo òjìji wọn lórí ilẹ̀, wọ́n yí wọn ká lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìka kan kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá, bí a ṣe ń fọwọ́ kan ìkòkò láti mọ̀ bóyá ó ṣì gbóná. “Bùọ̀dá Àkànní?” Bàbá ní, “Àjíkẹ́.” Wọn ò dì mọ́ra. Wọ́n jọ jókòó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín àwọn sàréè, àárín wọn sì fẹ̀ tó ìwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn nígbà tí wọ́n to ó pọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn tó mú Bàbá lọ sí Ìfọ̀ kò bímọ. Ìgbóná wọ abúlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá wọn àti Àjíkẹ́ yè é. Nígbà tí ìyá wọn ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá ọmọ òun padà, ọkùnrin náà sọ fún wọn pé ọmọ ti kú. Ó sì ti sọ fún ọmọ pé ìyá àti àbúrò rẹ̀ ti kú. Ọkùnrin yìí kan náà ló rán Bàbá lọ sí ilé ìwé, tó wá iṣẹ́ rélùwéè fún wọn, tí Bàbá fi omijé sin. Ìyá wọn kò kú títí di ọdún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún. Bàbá ka ìka wọn wò. Sáríà ni wọ́n wà lọ́dún yẹn, Mọ́mì ti ń rìn. Wọ́n di ìka yẹn mú, wọn ò fi í sílẹ̀. Àjíkẹ́ fúnra wọn, tí àwa ọmọ wá ń pè ní Ìyá Àjíkẹ́, ti lọ́kọ nílé tó jìnnà, ọkọ ti kú, wọ́n sì ti padà wá láti máa tọ́jú àwọn òkú wọn, yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ kò tíì wó ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí Mọ́mì bi wọ́n nípa irun Dúpẹ́, ojú tì wọ́n. “Ọmọ náà wá jókòó síwájú mi, irun rẹ̀ tú sílẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe? Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń pariwo, mo rò pé àwọn tó ń wọn ilẹ̀ kiri ni wọ́n tún dé, mo sá wọ igbó.”

Nígbà tí oòrùn yí, Bàbá bèèrè ohun kan tí mo mọ̀ pé ó ti wà lọ́kàn wọn tipẹ́, nítorí bí ọmọdé ni wọ́n ṣe sọ ọ́. “Àjíkẹ́, ọjọ́ tí wọ́n mú mi lọ, mo gbọ́ ẹ̀rín ìyá wa lẹ́yìn mi. Wọ́n ní kí n má wẹ̀yìn, mi ò wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé kí ni mo ṣe tí inú wọn fi dùn tó bẹ́ẹ̀ pé mò ń lọ.”

Ìyá Àjíkẹ́ mi orí. “Ẹ̀rín wo? Ẹkún ni. Bí ìyá wa ṣe máa ń sunkún nìyẹn. Tí ẹ kò bá wo ojú wọn, ẹ ó rò pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín.”

Bàbá fi fìlà bo ojú. Mọ́mì mú mi lọ síbi kànga, wọ́n ní kí a lọ wo bóyá omi rẹ̀ dára, a sì dúró níbẹ̀ títí èjìká Bàbá kò fi mì mọ́.

Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, mo sì ti rò ó lọ rò ó bọ̀ nípa ọkùnrin tó pa irọ́ náà, bóyá mo lè dárí jì í. Mi ò tíì rí ìdáhùn. Bàbá kò sọ ọ̀rọ̀ búburú nípa rẹ̀ rí, wọn ò sì tún dárúkọ rẹ̀ mọ́. Mọ́mì mú Ìyá Àjíkẹ́ wá sí Mòwé, ṣùgbọ́n ìró tírélà kò jẹ́ kí wọ́n sinmi, ọjọ́ kẹta ni wọ́n ní kí a dá àwọn padà. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá kó ẹrù wọn, wọ́n lọ bá àbúrò wọn gbé ní Ìdí-Ìyeyè. Mọ́mì bẹ̀ wọ́n títí. Dádì ra páànù, wọ́n mú káfíńtà lọ kan òrùlé sí yàrá kejì.

Sátidé àkọ́kọ́ tí gbogbo wa lọ kí wọn, a gbé iṣu àti epo lọ. Ìgbà tí ó ku díẹ̀ ká rí igi ìyeyè, ohùn kan ta sí wa láti ọ̀ọ́kán, ó ga, ó ń já, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Mọ́mì dúró lójijì, wọ́n di èjìká mi mú. Dádì náà dúró. Dúpẹ́ ti sá síwájú, a rí i tó yọjú wo ẹ̀yìn ògiri, tó dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tó wá sáré padà tọ̀ wá wá.

Mọ́mì ní, “Kí ni wọ́n ń ṣe? Ẹkún ni àbí ẹ̀rín?”

Dúpẹ́ mí sókè mí sílẹ̀. Ó ní, “Méjèèjì ni.” Ó sì yí padà, ó tún sáré lọ bá wọn.